A Ti Gbọ́ Ohùn Ọmọ

Òórùn iṣu tuntun tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, àti lọ́fínńdà àwọn ìyá tó wọ aṣọ ìkórè: bí mo bá gbóòórùn wọn pọ̀ títí di òní, àyà mi á já. Àwọn ẹlòmíràn á ní òórùn ọpẹ́ nìyẹn. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ tán, nítorí pé inú òórùn yẹn ni mo dúró sí lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń dà lọ, tí àwọn ènìyàn sì ń jó yí mi ká.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni nígbà náà, mo wà nílé ní Adó-Èkìtì, mo ń retí kí wọ́n pè mí fún iṣẹ́ agùnbánirọ̀. Màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí àdúrà òwúrọ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Òfin rẹ̀ ni pé ọpẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ nǹkan láìtíì dúpẹ́, màmá á wúkọ́, ẹni náà á sì padà sẹ́yìn bí ẹni tó wọ yàrá àgbà láìkan ilẹ̀kùn. Èmi ní tèmi, mo máa ń wọn àdúrà kí n tó ṣe àmín sí i. Bí àlejò kan bá gbàdúrà pé kí gbogbo ọ̀tá wa ṣubú, màá kọ́kọ́ ronú ẹni tí ọ̀tá wa jẹ́ ná, nígbà tí n ó sì fi rí ẹnì kan fojú sùn, wọ́n á ti kọjá síbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi á fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣe àmín, jàre. Ṣé ìdánwò ni?" Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń lò.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi wojú Olúwa kí ó tó lóyún. Nítorí pé òkè Ọya ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló wá dúró sí. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo ṣe àmín sí láìwọ̀n ọ́n ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń gbà fún aláboyún: "Olúwa á jẹ́ ká gbọ́ ohùn ìyá, á jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọmọ." Àlùfáà wa ń gbà á fún un. Obìnrin tó ń ta tòmátì fún un ní Ọjà Ọba ń gbà á. Ọlọ́kadà kan tilẹ̀ gbà á fún un lójú títì kó tó gba owó ọkọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ràn àdúrà náà nítorí pé kò lọ́jú pọ̀. Ohùn méjì ni à ń tọrọ. A ó gbọ́ wọn, tàbí ká má gbọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí ìjọ wa ń ṣe ìkórè ni ọmọ náà ké ní ilé ìwòsàn. Màmá mi kò jẹ́ kí igbe náà tán kó tó pe Ìyá Ìjọ lórí fóònù.

"A ti gbọ́ ohùn ọmọ o! Ọkùnrin ni!"

Mo gbọ́ ìdáhùn Ìyá Ìjọ láti ibi tí mo dúró sí, nítorí àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù. "Ògo fún Ọlọ́run! Tìyá tọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

Nígbà tó sọ ọ́, òótọ́ ni, àbí kí n sọ pé a kò tíì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Kò pẹ́ sí i ni nọ́ọ̀sì kan jáde tó ń sáré, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní nípamọ́ tó bá tirẹ̀ mu, kò sì tó. Wọ́n yẹ tèmi wò, kò bá a mu. Ti màmá mi, wọn ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń bá a fínra. Dókítà kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, wò wá pẹ̀lú òógùn lójú. Ó ní, "Ẹ wá ènìyàn wá. Kì í ṣe ẹnì kan o, ẹ kó wọn wá. Kíákíá."

Mo ní kí màmá mi pe àwọn ará ìjọ padà, kó sọ bí nǹkan ṣe rí fún wọn. Ó di fóònù náà mú, ó ń wò ó.

"Ṣé kí n fi ẹnu mi sọ ọ́?"

"Mà, bó ṣe rí ni."

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. N ò ní fi ẹnu mi pe ikú wá bá ọmọ mi."

Ibi tí a ti ń fà á ni fóònù náà ti dún lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ewu iná kì í pa àwòdì!" Màmá mi gbójú lé ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ, ó sì dáhùn pé, "A dúpẹ́." Òmíràn pè. "A dúpẹ́." Mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kí wa kú ewu, bíi pé ewu ọ̀hún ti dìde, ó ti lọ sílé rẹ̀. Inú yàrá níbẹ̀ yẹn ló wà, ó jókòó.

Mo bọ́ síta. Mo pe àlùfáà, mo pe akọ̀wé ìjọ, kò sí ẹni tó gbé e. Ta ni ń gbé fóònù nígbà tí ìsìn ìkórè bá ti bẹ̀rẹ̀? Mo dá ọ̀kadà dúró. Bí a ṣe ń kọjá ní Fájuyì, ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Kò sí." Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Láti ibẹ̀ lọ ni mo ti ń to gbólóhùn tí n ó sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ń tún un tò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi nílò ẹ̀jẹ̀.

N kò tíì wọlé tán tí akọ̀wé ìjọ fi rí mi. Máíkì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, àbúrò ìyá ìkókó ti dé!" Ilé pariwo. Àwọn ìyá gbá mi mú, wọ́n ń tì mí lọ síwájú láàárín òkìtì iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé èmi ni mo bímọ. "Ẹ gbé máíkì fún un, kó bá wa dúpẹ́!" Mo di máíkì mú. Gbólóhùn mi wà lẹ́nu mi, pérépéré. Ṣùgbọ́n òfin ilé wa ló jáde.

"A dúpẹ́..."

Kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì ọ̀rọ̀ náà, orin ti bú. Ìlù àti kọ̀ǹgá dún lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan gbé iṣu lérí, ó ń jó lọ síbi pẹpẹ. Mo ké, n kò gbọ́ ohùn ara mi. Omijé dà lójú mi, akọ̀wé ìjọ sì fi áńkáṣíìfù ara rẹ̀ nù ún fún mi. Ó ń sọ nínú máíkì pé, "Ẹkún ayọ̀ nìyí, ẹ̀yin ará! Ẹkún ayọ̀ ni!"

Ẹnì kan ni kò jó. Ìyá Ìjọ jókòó sórí àga rẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì ń wojú mi. Ó dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀lẹ̀ dé ìdí àwọn onílù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé awọ ìlù. Ìlù kú.

"Ọmọ, kí lo fẹ́ sọ?"

"Mà, a dúpẹ́..."

"Mo ti gbọ́ ìyẹn. Ìyókù ńkọ́?" Ó súnmọ́ mi. "Ulé ọpẹ́ lèyí, ulé ẹ̀bẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ọmọ Adó àtijọ́ ni, kò pe ilé ní ilé rí.

Gbólóhùn tí mo tò ti sá lọ. Èyí tó wá kò sí nínú ohun tí mo múra sílẹ̀. Mo ní, "A ti gbọ́ ohùn ọmọ, mà. A ò tíì gbọ́ ohùn ìyá."

Máíkì ṣì wà nítòsí ẹnu mi, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Obìnrin tó gbé iṣu lérí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí ẹni tó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo wá sọ ti ẹ̀jẹ̀.

Àlùfáà gbé ọwọ́ sókè láti gbàdúrà. Ìyá Ìjọ ní, "Àlùfáà, ẹ jẹ́ ká máa gbà á lọ nínú ọkọ̀."

Bí ọkọ̀ ìjọ ṣe kún nìyẹn, gèlè ń kan òrùlé. Akọ̀wé ìjọ jókòó síwájú mi, ó ń nu ojú. "Láyé mi, abẹ́rẹ́ nìkan ni mo ń bẹ̀rù o."

Ìyá kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pariwo ní máíkì láti àárọ̀! Ẹ bá abẹ́rẹ́ náà sọ̀rọ̀, á gbọ́."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tètè kú, àdúrà sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo, títí a fi dé: ohùn ìyá, Olúwa, ohùn ìyá. Mo ń ṣe àmín láìwọn nǹkan kan.

Nígbà tí màmá mi rí ọkọ̀ náà, ó wò mí bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ tú àṣírí rẹ̀. Obìnrin kan ti la ẹnu fún "ẹ kú ewu", ó sì gbé e mì. Màmá mi wo gbogbo wọn nínú aṣọ ìkórè wọn, ó ṣubú lé Ìyá Ìjọ láyà, ó ké: "Ẹ gbà mí o!" N kò tíì gbọ́ ọ rí kó bẹ̀bẹ̀ kó tó dúpẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ akọ̀wé ìjọ wà lára àwọn tó bá ti ẹ̀gbọ́n mi mu. Ó di ojú nígbà tí wọ́n ń gbà á, ó ń kọrin sínú. Ọjọ́ ti rọ̀ kí dókítà tó jáde. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi yè, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní láti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Àwọn kan kígbe halelúyà sí apá àkọ́kọ́, apá kejì sì bá wọn lẹ́nu ṣíṣí. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí a wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi mira, ó ní, "Omi." Ohùn tí a tọrọ nìyẹn.

Mo ti bi dókítà náà bóyá bí a bá tètè kó ènìyàn wá, ọ̀rọ̀ ilé ọmọ ì bá má rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò lè sọ. Èmi náà ò lè sọ. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àdúrà ló dá ẹ̀jẹ̀ dúró, n kò sì lè sọ pé òun kọ́. Ohun tó dá mi lójú kò pọ̀: àwọn tó ti ń gba àdúrà yẹn láti ọ̀pọ̀ oṣù ló gbọ́ ìdajì rẹ̀ lẹ́nu mi tí wọ́n sì mọ̀ pé ìdajì ni.

Nílé, bí àdúrà òwúrọ̀ bá kan ẹ̀gbọ́n mi, á gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, á sì dákẹ́. Màmá ò wúkọ́. Ó pẹ́ gan-an. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló wá ní, "Mo dúpẹ́ fún èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Àwọn tí kò ní wá mọ́ ń dùn mí." Bí mo bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ tí a lè ṣe àmín sí. Màmá mi ṣe àmín, èmi náà ṣe é.

Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ìjọ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ mi, ṣé dáadáa ni?"

Ó ní, "A dúpẹ́, mà. Bàtà mi ti já."

Àwọn ènìyàn tó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó rọra bẹ̀rẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún. "Ẹsẹ̀ wo? Gbé e wá kí n wò ó."