Òwú Pupa Lára Aṣọ Pẹpẹ

Ó ti lé lógún ọdún tí Ìyá Alágbàfọ̀ ti ń fọ aṣọ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Àńtónì Mímọ́, iṣẹ́ tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé ka ìwé ìtàn ìjọ sétí gbogbo ọmọ ìjọ, pé fáàdá àkọ́kọ́ ló gbé ère ẹni mímọ́ náà yọ nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀ṣì náà láyé àtijọ́, obìnrin náà fò dìde.

"Irọ́ funfun báláú! Ìyá mi ni!"

Akọ̀wé ní, "Ìyá, ta ni ẹlẹ́rìí yín?"

Ìyá Alágbàfọ̀ na aṣọ pẹpẹ àtijọ́ tí wọ́n bá tó wé mọ́ ère náà lọ́jọ́ ọ̀hún. Iná ti jẹ ẹ́ létí, ṣùgbọ́n òwú pupa ṣì wà nígun rẹ̀.

"Tá a bá gbé aṣọ pẹpẹ relé, a máa ń rán òwú pupa sí i láti fi dá a mọ̀. Tá a bá fọ̀ ọ́ tán, a ó tú u ká tó dá a padà. Wọn ò tíì tú eléyìí. Inú ọpọ́n ìyá mi ló wà nígbà tí iná ṣẹ́ yọ; àwọn ló fi aṣọ tútù náà wé ère, tí wọ́n gbé e jáde. Àbí fáàdá ló ń bá wọn fọṣọ?"

Ẹ̀rín sọ. Akọ̀wé ní òun á tún un kọ tó bá dọ̀la.

Ìyá Alágbàfọ̀ fa àga, ó jókòó síwájú rẹ̀. "Mú bíìrò. Mo ń wò ọ́."