Kẹrosíìnì Tí N Kò Jẹ́ Kó Tòrò

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá kẹ́mísìrì ilé ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìgò kan wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti púrínsípà lọ. Irin kan tó rọ̀ bí ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀, sódíọ̀mù lorúkọ rẹ̀. Bí omi bá kàn án, iná ni. Inú kẹrosíìnì la ń rì í sí, kí omi àti afẹ́fẹ́ má bàa dé ibẹ̀.

Tíṣà kẹ́mísìrì wa, bàbá Ìjẹ̀bú kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́, ló kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ó mọ irú kẹrosíìnì tí wọ́n ń tà fún wa ní Èkó, àwọn olójúkòkòrò a máa bu omi sí i. Òfin bàbá ni pé kí n da èyí tí mo bá rà sínú ìgò funfun, kó mọ́jú níbẹ̀, kí omi lọ sísàlẹ̀, kí n wá rọra da ti òkè sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo máa ń ṣe é, mo sì máa ń kùn. Mo ní àṣejù ti pọ̀ jù lọ́rọ̀ bàbá yìí.

Lọ́sẹ̀ kan, mo gbàgbé pátápátá. Ọ̀sán ọjọ́ tí a fẹ́ da kẹrosíìnì kún inú ìgò sódíọ̀mù náà gan-an ni mo yọ́ lọ sí Ọbalende, mo ra kẹrosíìnì sínú kẹ́ẹ̀gì, mo sáré padà. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ìrun alásàrí tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi.

"Ṣé o jẹ́ kó tòrò?"

"Ó ti tòrò láti àná, sà."

Awò tí a fi ń dáàbò bo ojú, ẹyọ kan péré ló kù. Ó fi í sí mi lójú, ó ní ojú tèmi ṣì ní ohun púpọ̀ láti rí. Ó ní kí n dúró ti garawa iyẹ̀pẹ̀. Ó wá gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń dà á sínú ìgò títí ó fi kan ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, níbi tí omi máa ń rọ̀ sí. Mo gbọ́ ṣìì, iná bẹ́, ìgò fọ́ yángá. Kí n tó da iyẹ̀pẹ̀ pa iná náà, bàbá ti jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ojú méjèèjì ló lọ.

Ní ọsibítù, gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún. "Omi àlùwàlá ló kán sí i. Èmi tí mo ń kọ́ wọn, mi ò nu ọwọ́ mi." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mi ò lanu. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ tèmi arọ ni. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi sì ń bà mí ju ojútì lọ.

Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i nílé. Èmi ni mo bu omi àlùwàlá fún un. Nígbà tó ṣe tán, ó gba aṣọ ìnura, ó nu ọwọ́, ó tún un nù, ó ń nù ún títí ẹ̀yìn ọwọ́ náà fi pọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ní bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Bá mi wò ó. Ṣé ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ, sà."

"Wò ó dáadáa."

Mo di ọwọ́ náà mú. Mo ní ó ti gbẹ.