Bàbá Agunkàbà àti Òǹtẹ̀ Rẹ̀

Àkàbà tí ọkùnrin yìí ti gùn láyé rẹ̀, bí a bá tò wọ́n léra, wọn á kan òṣùpá, a ó sì tún rí ọ̀kan kù tí a ó fi ká èso lẹ́yìnkùlé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe ayẹ̀ṣẹ́wò nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àkàbà onígi. Bàbá Agunkàbà ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀gá tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ ló ṣòfin pé àkàbà kankan kò gbọdọ̀ gba òǹtẹ̀ pé ó dára àfi bí ẹni tó fẹ́ lù ú bá kọ́kọ́ gùn ún dókè. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ a máa gùn ún, tòun ti ikùn rogodo. Lọ́sàn-án, ìdí tábìlì gígùn kan ni gbogbo wọn ti jọ ń jẹun. Bí ìyá ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, kó tó dìrọ̀lẹ́, kálukú ti mọ ibi tó ń dùn ún.

Ọ̀gá kú, ọkọ ọmọ rẹ̀ gorí àga. Ìkíni ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé tábìlì kúrò, kálukú wá ń kọjú sógiri jẹun bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Igi tí kò tíì gbẹ ni wọ́n wá ń kàn.

Bàbá ṣì ń gun tirẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ti rí àwọn áńgẹ́lì lókè yẹn?" Obìnrin tó ń kun ọ̀dà ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo rí wọn. Wọ́n ní kí n kí ọ, pé ọ̀dà rẹ ti ṣàn jù."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tuntun dúró tì í. Ọgọ́ta àkàbà wà nílẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró níta.

"Bàbá, ẹ lu òǹtẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ má gùn ún mọ́. Bí ẹ bá kọ̀, ilé yá."

Ọdún méjì péré ló kù kí Bàbá fẹ̀yìn tì. Ó wo òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Ọ̀gá, ẹ mú èyí tó bá wù yín, kí ẹ gùn ún. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, màá lu gbogbo ọgọ́ta."

Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kìíní, ó gbé e lé ìkejì. Igi ké. Ó sọ̀ kalẹ̀ kíá, ó ní fóònù òun ń dún. Fóònù kankan ò dún. Obìnrin ọlọ́dà bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù gbè é. Ẹ̀rín ọ̀hún gbọn eruku ọdún mẹ́wàá kúrò lórí òrùlé.

Ẹ̀rín ò gba iṣẹ́ ẹni là. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ìwé "má wá mọ́" ti tẹ Bàbá lọ́wọ́.

Nígbà tó délé, ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, ìyẹn sì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ wá lu òǹtẹ̀ náà?"

"N ò lù ú. Àmọ́ ẹlòmíràn á lù ú lọ́la."

"Ọwọ́ tirẹ̀ ló máa fi lù ú, kì í ṣe tiyín." Ó fa àga fún un. "Ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà."