Oògùn Ọ̀sán Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ìyá mi kì í pa oògùn jẹ, èmi ni mo sì fi ìjà kọ́ wọn. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni mo ti di ọlọ́pàá sí wọn lọ́rùn: ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bí mo bá ti ọjà Asafo, níbi tí mo ti ń ta ike, dé sí ilé wa ní Tafo, páálí oògùn ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kí n tó kí wọn. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, ilé kò ní rọgbọ. Mo mọ̀ pé ẹnu mi burú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ikú wọn ló ń bà mí. Ààwẹ̀ dé, iye oògùn ṣì ń pé, mo sì ń yin ara mi.

Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, orí ń fọ́ mi, mo tètè wọ ọkọ̀ tróótróò padà sílé kí wọ́n tó pe ìrun Aláásárì. Mo bá ìyá mi lórí ẹní. Fáànù ń fẹ́, síbẹ̀ òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Mo rò pé òùngbẹ ni. Àfi bí wọ́n ṣe wò mí, tí wọ́n pè mí ní ẹ̀gbọ́n wọn tí a ti sin tipẹ́.

Mo pe obìnrin tó ń ta oògùn ní àdúgbò wa lórí fóònù. Ó ní ó jọ pé ṣúgà ara wọn ló já wálẹ̀, pé bí wọ́n bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí n po ṣúgà mọ́ omi fún wọn kíá, òun ń bọ̀. Mo pò ó sínú ife. Mo gbé e dé ẹnu wọn, wọ́n kọjú sí ògiri.

"Daabi," ni wọ́n fi èdè ìlú tí à ń gbé kọ̀ ọ́, wọ́n sì fi Yorùbá tẹ̀ ẹ́: "Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀."

Mo ní Ọlọ́run yọ̀ǹda aláìsàn, wọ́n á san án padà lẹ́yìn ọdún. Wọ́n di eyín. Ojú wọn ti ń pa dé, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá dákú, n kò gbọdọ̀ da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu mọ́. Èmi tí mo máa ń pàṣẹ, mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀."

Bóyá ẹkún yẹn ni wọ́n gbọ́. Wọ́n la ẹnu, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n tún mu.

Kí obìnrin náà tó dé, wọ́n ti mọ̀ mí. Ó gún ìka wọn, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ṣúgà ti ń gòkè, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹun, kí a sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, torí oògùn náà ṣì wà lára. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó. Wọ́n ní ní sààrì ni, ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹnu á ti di kí ọ̀sán tó tó. Obìnrin náà mi orí. Ó ní dókítà ló yẹ ká bi kí oṣù tó lé, òun ni yóò sọ bóyá wọ́n lè gbààwẹ̀ àti bí wọ́n á ṣe lo oògùn.

Inú bí mi. Mo bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n pa á pọ̀.

Ìyá mi nu ètè wọn.

"Ìwọ lo ní ẹyọ kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù."