Ẹ̀gbẹ́ Kan Ló Jẹ

Ọkọ kú, ọkọ̀ kù. Ibi tí ìjà èmi àti àbúrò ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Pikọ́ọ̀pù funfun kan ni bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀, èyí tó fi ń kó pákí láti abúlé wa ní ìhà Akínyẹlé lọ sí Mọ́níyà. Ẹbí ní kí ọmọ mi ọkùnrin máa wà á, ó ti níyàwó, ó ti bímọ nígbà náà. Wọ́n ní kí àbúrò ọkọ mi máa bójú tó àtúnṣe. Èyí kò dùn mọ́ ọn rárá. Òun ló fẹ́ jókòó níwájú.

Mo dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà ọkọ mi ni. "Ọkọ mi" ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo sì ń sọ sí i. Òun á pe èmi ní "ìyàwó" bí ẹni tí wọ́n gbé wọlé lánàá, èmi tí mo ti ń pọn ọmọ ọmọ. Nínú ìwé tèmi yìí, "ó" ni màá máa pè é. Ìyẹn ti tó o.

Nígbà tó yá, ọmọ mi sọ fún mi pé bí òun bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á fà sí ọ̀tún bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Táyà iwájú ọwọ́ òsì tún ń ké, irin ń họ irin. Bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ tí wọ́n pààrọ̀ páàdì bíréèkì méjèèjì ibẹ̀, ti inú àti ti ìta. Àbúrò ọkọ mi ló rà á fúnra rẹ̀, gbogbo abúlé ló sì gbọ́ pé ó rà á. Ọmọ mi gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, ọ̀rẹ́ àbúrò ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá títì. Ó fi ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Mẹkáníìkì yọ táyà, ó wo inú rẹ̀, ó sì lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó sọ fún wa. Ohun tó wí kò ju èyí lọ: "Ẹ̀gbẹ́ inú ti jẹ tán. Ẹ̀gbẹ́ ìta ò tíì jẹ nǹkan kan."

Páàdì a máa jẹ bí bàtà ṣe ń jẹ, bí ọlọ ṣe ń jẹ. Ohun tí mẹkáníìkì ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti ń wá ẹni tó jẹ nǹkan kiri láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ìyàwó, níbo lọmọ ẹ ta páàdì mi sí?"

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi."

"Mi ò wá kí ẹ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ táyà kan náà, àwọn méjèèjì. Báwo lọ̀kan ṣe máa jẹ tán tí èkejì á ṣì nípọn bí ọjọ́ tí mo rà á? Páàdì kọ́ ló jẹ. Èèyàn ló jẹ! Ó yọ tuntun tà, ó fi àlòkù síbẹ̀."

"Ọmọ yín lẹ pè lólè yẹn o."

"Ọmọ ẹ ni. Mò ń lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Kò tún wà á mọ́."

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni oúnjẹ ilé ọmọ mi. Bó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, olè ni wọ́n máa pè é ní abúlé wa títí ayé. Ọmọ mi ti ń bọ́ ẹ̀wù láti bá a jà. Mo ní kó wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà. Mo wé gèlè mi, èmi àti ọmọ mi tẹ̀ lé àbúrò ọkọ mi.

Bó ṣe ń lọ ló ń ké sí àwọn èèyàn: "Ẹ wá wo àwọn tó ń jẹ bíréèkì! Ìyàwó ilé wa ń bí ajẹrin!"

"Ẹ rọra, ọkọ mi," ni mo wí láti ẹ̀yìn. "Ẹni tó ń jẹ irin, eyín rẹ̀ á le."

Nígbà tí a dé abẹ́ igi, ó ti gba kọ́kọ́rọ́, ó ti fi sápò. Mo ní kí mẹkáníìkì kó páàdì méjèèjì wá. Ọ̀kan ti fẹ́lẹ́ bí ewé, èkejì sì nípọn. Mo yí ẹ̀yìn wọn wò. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

"Ọ̀dà aláwọ̀ ewé kún ọjà," ni àbúrò ọkọ mi wí.

Mo bi mẹkáníìkì pé kí ló ń ti páàdì. Ó fi irin kan hàn mí tó gbá àwọn méjèèjì mú bí ẹ̀mú. Ó ní ti inú ló kọ́kọ́ máa ń tì, lẹ́yìn náà irin náà á yọ̀ lórí píìnì méjì, á sì fa ti ìta mọ́ra.

"Jẹ́ kí n rí i kó yọ̀."

Ó fọwọ́ fà á. Kò mì. Ó fi òòlù gbá a.

"Ó ti dípẹtà ni, Màmá."

"Yọ píìnì náà."

Ó kọ́kọ́ wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó lù ú jáde, nǹkan dúdú lẹ̀ mọ́ ọn bí oje igi. Mo gbé e sí imú. Ìpẹtà kì í rùn bẹ́ẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń dín àdín ní abúlé wa, ilé àbúrò ọkọ mi sì ni.

"Ta ló fi àdín pa irin?"

Mẹkáníìkì wolẹ̀. "Gírísì tán lọ́jọ́ tí mo wọ páàdì, Màmá. Bọ̀ọ̀dá yìí ló gbé ìgò wá. Wọ́n ní ohun tó ń mú ara ọmọ tuntun dán, á mú irin náà dán."

Àwọn tó pè wá wo ajẹrin bú sẹ́rìn-ín.

"Ooru bíréèkì ti sè é di àtè," ni mo wí. "Ẹ̀gbẹ́ ìta ò rí jẹ, ọkọ mi, torí ẹ ti dè é lọ́wọ́."

"Ṣé ilé mi nìkan ni àdín wà láyé ni?"

"Ẹ pe ìyàwó yín kó wá gbóòórùn rẹ̀."

Kò pè é. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó jù ú sílẹ̀ níwájú ọmọ mi. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ọkọ mi, ajá ni wọ́n ń ju nǹkan fún. Ẹ mú un, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fún un. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ẹ kó wá pé kò jalè."

Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ gbé mi mì. Mi ò gbé ẹsẹ̀ títí tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ìyókù, kò wí i.

"Ìyàwó burúkú ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́," ló wí, ó sì ń lọ.

"Ó dàbọ̀, ọkọ mi."

Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ píìnì, wọ́n fi gírísì sí i, wọ́n wọ páàdì tuntun, ọkọ̀ sì ń dúró gán-ún.

Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi tún bímọ, ìyàwó àbúrò ọkọ mi gbé ìgò àdín wá fún ara ọmọ. Obìnrin náà kò ṣẹ̀ mí. Mo gbà á, mo dúpẹ́. Mo bù díẹ̀ fún ọmọ. Ìyókù, mo ní kí ọmọ mi gbé e sí iwájú ọkọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á ti rí i. Ibẹ̀ ló wà títí a fi ta ọkọ̀ náà. Àbúrò ọkọ mi kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé títì.