Ewúro tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀

Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ mi sọ lónìí pé òun ò mọ ewúro!

Biblioteca ọsibítù, ìyẹn yàrá ìkàwé wọn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbí ní Torino nílùú òyìnbó. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa yà sọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó lọ rí dókítà. Wọ́n ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, wọ́n sì tún ń mu omi ewúro láràárọ̀. Dókítà ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n ń lo nǹkan mìíràn, wọ́n ní rárá.

Wọ́n ní, "Bá mi wò ó. Ara mi ń gbọ̀n níbi iṣẹ́."

Mo tẹ "ewúro" síbi tí àwọn dókítà ti ń wá ìwádìí. Kò mú nǹkan kan wá. Mo fi orúkọ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é wá a, ìwádìí bá ya dé: ewúro lè fa ṣúgà wálẹ̀. Oògùn wọn náà sì ń fà á! Méjèèjì pa pọ̀ lè fà á wálẹ̀ jù, kí ara máa gbọ̀n. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kọ púpọ̀ nínú ẹ̀. Inú bí mi. Àwa la kọ ọ́, orúkọ tiwa ni ò sí níbẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ fún dókítà."

"Kí n wá sọ pé mo purọ́? Àgbà bíi tèmi?"

Mo bá wọn wọlé. Wọ́n gbé ike ewúro sórí tábìlì. Wọ́n ní, "Dottore, mi scusi," ìyẹn ni pé kí dókítà má bínú. Dókítà ò bínú rárá.

Nígbà tí a jáde, Màmá ní, "Lọ kọ ewúro sínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹlòmíì ń bọ̀ tí kò ní rí ẹ bẹ̀ pé kí o bá òun wò ó."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ewé wo lẹ ń mu tí dókítà yín ò mọ̀ sí?