Ìdajì Iyán Bàbá Alága

Ẹ̀yìnkùlé mi àti ti Bàbá Alága fara kan ara wọn. Ògiri kan ló wà láàárín wa, ògiri náà kò sì ga tó láti dá ìró odó dúró.

Kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Bàbá yìí jẹ́. Òun ni alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ìlú kékeré kan tí ẹ óò rí bí ẹ bá gba Àrámọkọ lọ sí Èrìjìyàn, bí oorun kò bá gbé yín lọ nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ fún ọmọ kan ní sikọ́láṣíìpù láti kọ́ṣẹ́ dókítà, èmi ni mo sì mókè jù. Àwọn ìgbìmọ̀ wá sílé bàbá mi láti wá wò mí. Ìyá mi ní kí n gúnyán fún wọn. Ibẹ̀ la ti ṣì í. Akọ̀wé jẹun tán, ó lá ìka rẹ̀, ó ní: "Ọmọ tí uyán rẹ̀ kúnná báyìí, ilé ọkọ ló yẹ ká rán an lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tí wọ́n wá gbé sikọ́láṣíìpù náà fún kàwé tán, ó wọ bàálù, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ títí di òní.

Èmi fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní Ìjerò, mo fẹ̀yìn tì, mo padà sílé. N kò gbàgbé. Àwọn kan a máa sọ pé àgbà a máa gbàgbé nǹkan. Àwọn tó ṣẹni ló sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí ọmọkùnrin inú bàálù yẹn, ẹgbẹ́ fi òfin de sikọ́láṣíìpù náà. Ẹni tó bá jẹ sikọ́láṣíìpù náà yóò fi ọdún méjì tọ́jú wa ní ilé ìwòsàn ìlú, alága yóò sì máa buwọ́ lu ìwé rẹ̀ lóṣooṣù. Oṣù tí alága kò bá buwọ́ lù, òfo ni. Ọmọbìnrin àgbẹ̀ kòkó kan ló jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Abẹ́ igi máńgòrò mi ni mo ti kọ́ ọ ní báyọ́lọ́jì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n ó mọ oúnjẹ jẹ.

Ó sìn wá dáadáa, ó ku oṣù kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn ńlá kan ti gbà á pé kó wá kọ́ nípa ìtọ́jú ọmọdé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ rí ìwé tó pé. Bí kò bá pé, ẹlòmíràn ni wọn yóò mú. Oṣù yìí gan-an ni Dókítà wá gún Bàbá Alága níka, tó rí i pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ó máa lo oògùn yìí. Ẹ ó sì dín iyán kù."

"Kí n dín kí ni kù?"

"Iyán, Bàbá. Ìdajì èyí tí ẹ ń jẹ."

"Ṣé ìdajì ìwé la rán ọ lọ kà ni?"

Ẹ sọ fún àgbàlagbà Èkìtì pé kó dín iyán kù, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Bàbá lọ, ó padà wá, ṣúgà kò wálẹ̀. Ó búra pé ẹ̀wà nìkan lòun ń jẹ. Ó wá ní: "Oògùn rẹ ni kò ṣiṣẹ́. Bí ṣúgà yìí kò bá wálẹ̀ kí oṣù tó parí, n kò ní buwọ́ lu nǹkan kan."

Ọmọ náà wá sílé mi. Mo gbé àgbàdo sísè fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú.

"Màmá, bóyá èmi ni mo ṣi oògùn lò fún wọn."

"Ó ní kí ló ń jẹ?"

"Ẹ̀wà ni."

"Jókòó. Dúró di aago mẹ́fà."

Aago mẹ́fà lù, odó dáhùn lẹ́yìn ògiri: gbì, gbì, gbì. Mo ní: "Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gún ẹ̀wà Bàbá Alága."

Ojú ẹsẹ̀ la lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń pọ́n fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún wà lẹ́nu mi, ó mú bí àdá. A bá Bàbá níbi tó ti bu òkèlè àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ̀ sáré wo òkè àjà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹnìkan kì í bá ọ nídìí oúnjẹ kí o má pè é. Ẹnu Bàbá kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ… ẹ wá jẹun."

Gbogbo wa la mọ èsì rẹ̀: a ó ní á gba ibi ire, a ó sì máa lọ. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó ti Bàbá, ó fi ìka fa ìlà sáàárín iyán náà.

"Tèmi nìyí, Bàbá. Tiyín nìyẹn."

Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé apá tirẹ̀ mì tòun ti ẹran ìgbẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ráyè jáde. Ó dìde, ó ní: "Ó dọ̀la, Bàbá, aago mẹ́fà."

Ó sì ń wá lójoojúmọ́. Bàbá kò lè lé àlejò. Lọ́jọ́ kan tó ní kí wọ́n gún un ní aago mẹ́rin, mo tẹ ọmọ náà láago. Ó dé kí ọbẹ̀ tó jinná.

"Ta ló sọ fún ọ?" Bàbá bi í.

"Odó yín ni, Bàbá."

Kí oṣù tó parí, ṣúgà wálẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló béèrè bírò. "Mú ìwé rẹ wá, kí o tó jẹ mí tán nínú ilé yìí." Ó buwọ́ lù ú. Ọmọ náà gbọn ìwé náà bí ẹni pé yíǹkì rẹ̀ tutù, ó dì mọ́ mi, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì tó lọ, odó tún dún ní aago mẹ́fà. Ìyàwó Bàbá yọrí lókè ògiri. "Tíṣà, Bàbá ní kí ẹ wá jẹun o. Wọ́n ní Dókítà ló ní àwọn kò gbọdọ̀ dá a jẹ tán."

Mo lọ. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò tíì bẹ̀ mí. Ó kàn tẹjú mọ́ àwo, ó ní: "Uyán yìí kò kúnná tó tìrẹ ọjọ́sí."

Mo fi ìka fa ìlà sáàárín rẹ̀. N kò fà á lọ́gbọọgba. Ẹran sì bọ́ sí apá ọ̀dọ̀ mi.